Kí Ọlọ́pàá Tó Ti Fẹ̀yìntì Fi Ìbọn Rẹ̀ Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé tí a fi owó orí ará ìlú kọ́ fi jọ ara wọn, ìbáà ṣe ilé ẹjọ́, ìbáà ṣe ilé ìgbìmọ̀, ìbáà ṣe ọ́fíìsì kékeré tí arúgbó ti ń lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀: kí olówó àti tálákà, ìjòyè àti mẹ̀kúnnù, máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé lábẹ́ òfin kan náà, kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n bá wá ṣe, kí wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà. Òfin ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ wá. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá kí ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì máa gbé ìbọn ìléwọ́ wọ ilé ìjọba ni, tàbí kí ó máa fi í sílẹ̀ lóde bí gbogbo ará ìlú. Èrò tèmi ni pé kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí, kí a sì gbọ́ tẹnu àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀, kí a tó dájọ́.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2004 ni Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin kan tí ó yọ̀ǹda fún ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, àti fún èyí tí ó ti fẹ̀yìntì pẹ̀lú, láti máa gbé ìbọn pamọ́ sára káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun yòówù kí òfin ìpínlẹ̀ tí ó bá wọ̀ máa wí. Òfin náà kò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí wọ́n dín kù sí mẹ́wàá ní ọdún 2010. Ó gbọ́dọ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rere. Ó gbọ́dọ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ tí ó ní àwòrán rẹ̀ dání. Ó gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ ṣe ìdánwò ìbọn yíyìn lọ́dọọdún. Kò sì gbọdọ̀ mutí yó nígbà tí ìbọn bá wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà pààlà: ó ní ìpínlẹ̀ tí kò bá fẹ́ ìbọn nínú ilé ìjọba tirẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni onílé tí kò bá fẹ́ ẹ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ní ti ilé ìjọba àpapọ̀, òfin mìíràn tí ó ti wà ṣáájú ni ó ń ṣọ́ ọ; ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lára níbẹ̀ láìsí iṣẹ́ ìjọba tí ó gbé e wá lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura, bí ó bá sì jẹ́ inú kóòtù ni, ó lè di ọdún méjì; a sì gbọ́dọ̀ lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ará ìlú ń gbà wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé òun kò mọ̀.

Ààlà yìí ni àwọn kan fẹ́ hú kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Washington fọwọ́ sí àbá kan tí yóò jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí, ti ìsinsìnyí àti ti àná, máa gbé ìbọn wọ ilé ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú, àti ilé ìjọba àpapọ̀ tí a kà sí èyí tí ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ilé àwọn aṣòfin àgbà kò bá wọn fọwọ́ sí i títí sáà náà fi parí. Ṣùgbọ́n àbá náà kò kú, nítorí pé ní ọdún 2025 ó tún padà wá sí iwájú ilé, àwọn tí ó gbé e wá kò sì dákẹ́.

Kí ni wọ́n wí? Ohun tí wọ́n wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá wọn lóhùn kò gbọdọ̀ fi ojú tín-ínrín wo ọ̀rọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Fraternal Order of Police, ti ń wí i tipẹ́ pé ọlọ́pàá a máa fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí iṣẹ́ ọlọ́pàá bá kó jọ fún un kì í bá a fẹ̀yìntì. Ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún mú olè, tí ó mú apànìyàn, tí ó dúró níwájú adájọ́ tí ó jẹ́rìí lé wọn lórí, kò lè mọ ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò ti ẹ̀wọ̀n dé tí wọn yóò fi ojú kan ara wọn ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n tún ní bí a bá lé ìbọn padà lẹ́nu ọ̀nà, inú ọkọ̀ ni baba náà yóò fi í sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ìta yóò sì ti fọ́ gíláàsì tí wọn yóò gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ òótọ́, nítorí pé inú ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí wọ́n ń jí ní Amẹ́ríkà ti ń lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n a tọ́ka sí akọni bí Aaron Salter, ọkùnrin ogun, tí ó fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú Buffalo tí ó sì di ẹ̀ṣọ́ ní ọjà ńlá Tops. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìkórìíra aláwọ̀ dúdú ti sọ di ẹranko wọ ọjà náà pẹ̀lú ìbọn ńlá, Salter kò sá. Ó dojú ìbọn kọ ọ́, ọta rẹ̀ sì bá a, ṣùgbọ́n aṣọ tí ọta kì í ràn ni ọmọ náà wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Salter ṣe bá àwọn mẹ́sàn-án mìíràn kú lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí kò ṣí fìlà fún òkú náà, kò mọ ohun tí ń jẹ́ akin.

Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ wò ó dáradára: Salter wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọjà ni ó mú kí ìbọn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tí ń wọlé tí ń jáde ni ó sì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé kí a má gba ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́, tí ó wá san owó omi rẹ̀ tàbí tí ó wá jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí ìbọn rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀wù níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò kéré, ìtàn ilé ìjọba méjì yóò sì fi í hàn wá.

Èkínní ni ti San Francisco. Dan White jẹ́ ọlọ́pàá nígbà kan rí ní ìlú náà, ó tún ṣe panápaná, kí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tó dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1977. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ó fi ipò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi kábàámọ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí George Moscone, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìlú, dá òun padà. Moscone kọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù náà, White kó ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ti ìgbà ọlọ́pàá àti ọta tí yóò tún kì sí i, ó sì lọ sí Ilé Ìjọba Ìlú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ṣàwárí irin wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ ilé ni ó gbà wọlé bí olè. Ó yìnbọn pa Moscone nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó tún ọta kì, ó la ilé kọjá sí apá kejì, ó sì pa Harvey Milk, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Dianne Feinstein, tí ó bá òkú Milk nílẹ̀, ni ó padà di olórí ìlú lẹ́yìn ọjọ́ burúkú náà. Mo mọ̀ pé ẹni tí ń fẹ́ àbá tuntun yìí yóò wí pé White kò lo ọdún mẹ́wàá nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, pé òfin ọdún 2004 kì bá tí kà á mọ́ ẹni tí yóò gbé ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ka ọdún iṣẹ́ ènìyàn kí ó tó wọ inú rẹ̀, kò sì sí ìdánwò ìbọn yíyìn tí ó lè fi ohun tí ń bẹ nínú ikùn ẹni tí ó yege hàn. Nígbà náà, ẹni tí ó bá ní ìbọn àti èrò ibi gbọ́dọ̀ wá fèrèsé; àbá tí ó wà nílẹ̀ yìí yóò mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti ní káàdì, gba iwájú wọlé, kí ẹ̀ṣọ́ sì kí i pé ẹ kú àbọ̀.

Èkejì ni ti New York, ìlú ńlá tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí bí eéṣú. James Davis ti ṣe ọlọ́pàá rí ní ìlú náà kí ó tó di ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú láti Brooklyn. Ọkùnrin tí ó ń wàásù kiri pé kí àwọn ọ̀dọ́ yé fi ìwà ipá ba ayé ara wọn jẹ́ ni, ó sì ní ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá àtijọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2003, ó mú àlejò kan lọ́wọ́ wọ Ilé Ìjọba Ìlú, Othniel Askew ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti fẹ́ bá a du ipò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà náà, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kì í gba inú ẹ̀rọ tí ń ṣàwárí irin kọjá. Ọlá Davis ni ó gba àlejò rẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì gun òkè àjà lọ, níbi tí èrò máa ń jókòó sí wo bí ìgbìmọ̀ ti ń ṣe. Ibẹ̀ ni Askew ti fa ìbọn yọ, ó sì yìn ín lu ẹni tí ó mú un wọlé. Ìbọn Davis wà lára rẹ̀. Nínú àkọ̀ ni ó wà, inú àkọ̀ náà ni ó sì wà nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀. Ẹni tí ó dá apànìyàn náà dúró ni Richard Burt, ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, tí ó yìnbọn sókè tí ó sì bá a.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe méjèèjì yìí, a máa ń pa wọ́n débi pé wọn kì í dùn létí mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ronú sí ọjọ́ náà ní New York yóò rí i pé àwọn ni ó ṣẹ. Ibi tí ogiri ti lanu ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni ọ̀wọ̀ láti kọjá láìsí àyẹ̀wò, ẹni ọ̀wọ̀ náà gan-an ni ikú sì bá wọlé. Ìbọn tí ó wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá ti fẹ́ pani kì í ké ìbòsí kí ó tó ṣe é. Ọ̀bẹ kì í sì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Michael Bloomberg tí ó jẹ́ olórí ìlú pàṣẹ pé láti ìgbà náà lọ, gbogbo ẹni tí ó bá ń wọ ilé náà, títí kan òun fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ọgbọ́n tí ìlú fi ẹ̀jẹ̀ rà nìyẹn. Ó sì yani lẹ́nu pé ó ku ọjọ́ kan péré kí ọdún yípo lórí ikú Davis nígbà tí Bush fọwọ́ sí òfin ọdún 2004. Bóyá ìrántí rẹ̀ wà lọ́kàn àwọn tí ó yọ ilé ìjọba kúrò nínú àǹfààní náà, bóyá kò sí, ohun tí wọ́n ṣe tọ̀nà.

Ewu kan tún wà tí ó kan aláwọ̀ dúdú ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ìbọn bá dún nínú ilé tí èrò kún, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n bá sáré dé kì í ní àyè láti béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò wọ aṣọ ìjọba, òun ni ọ̀tá. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008, ní White Plains ní ìpínlẹ̀ New York, ní iwájú ilé ìjọba tí wọ́n ti ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní, Christopher Ridley, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá láti Mount Vernon, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, aláwọ̀ dúdú, rí ìjà, ó sì dá sí i bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Àwọn ọlọ́pàá bíi tirẹ̀ ni ó rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kò dá a mọ̀, tí wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn ọdún kan, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Omar Edwards ní Harlem. Ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ New York gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà jíṣẹ́ ní ọdún 2010 pé nínú àwọn ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ wọn ṣèèṣì pa, aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ó ti ilẹ̀ Látínì wá ni ó pọ̀ jù. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí géńdé tí ó ṣì ń gba owó oṣù ọlọ́pàá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí baba ẹni àádọ́rin ọdún tí etí rẹ̀ kò gbọ́ran tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́, nígbà tí ọlọ́pàá bá pariwo mọ́ ọn láti ẹ̀yìn pé kí ó ju ìbọn sílẹ̀?

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìjà ìbọn kì í ṣe ohun tí à ń rí nínú sinimá. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ RAND ṣe lórí àwọn ọlọ́pàá New York láti ọdún 1998 sí 2006 fi hàn pé nígbà tí àwọn àti ọ̀tá bá jọ ń yìnbọn sí ara wọn, nínú 100 ọta tí wọ́n bá yìn, nǹkan bí 18 péré ni í bá ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó bá. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ọta tí kò bá ọ̀tá kì í pòórá. Ó ń lọ síbìkan, bí ó bá sì jẹ́ gbọ̀ngàn tí ìyá ọlọ́mọ àti arúgbó ti tò sórí ìlà ni, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù fọkàn ara rẹ̀ wo ibi tí yóò lọ. Ògún Lákáayé kò mọ ẹni tí ó fẹ̀yìntì yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ̀yìntì.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹ̀tọ́ kankan tí a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa pé a ní kí ó fi ìbọn sílẹ̀ lóde. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó dájọ́ ní ọdún 2008 pé ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn nínú ilé rẹ̀, kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó fi kún un pé ìdájọ́ náà kò fọwọ́ kan òfin tí ó lé ìbọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìjọba. Àwọn adájọ́ tí ó sọ èyí kì í ṣe ọ̀tá ìbọn. Àwọn gan-an ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún un.

Kí ni kí a wá ṣe fún àwọn baba wọ̀nyí, tí wọ́n fi ìgbà èwe wọn ṣọ́ ìlú? Ohun méjì ni, kò sì sí èyí tí ó ṣòro nínú wọn. Ní ti ìbọn tí wọ́n ń jí nínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i tipẹ́: wọ́n gbé àpótí onírin sí ẹnu ọ̀nà, tí ọlọ́pàá tí ó wá nítorí ọ̀ràn ara rẹ̀ máa ń ti ìbọn mọ́, tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí yóò sì gbà á padà bí ó bá ń lọ. Kí ìjọba gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ sí ilé ìjọba yòókù. Ní ti àwọn tí ara wọn ṣì le, tí ọwọ́ wọn kò gbọ̀n, tí wọ́n ṣì fẹ́ sin ìlú, kí a gbà wọ́n síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, kí a fún wọn ní aṣọ àti owó oṣù, kí gbogbo ojú sì mọ̀ wọ́n. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ẹni tí ó sin ìlú ni owó ìfẹ̀yìntì tí kò falẹ̀, ìwòsàn tí kò ní ìdíwọ́, àti orúkọ rere lẹ́nu ọmọ aráyé. Kì í ṣe kí a yọ ọ́ sílẹ̀ kúrò nínú òfin tí ó ń dáàbò bo òun náà.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti di ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń dìbò níbẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú yín wọ aṣọ ọlọ́pàá, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín sì ń ṣe akọ̀wé nínú àwọn ilé ìjọba wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ kọ̀wé sí àwọn aṣojú yín ní ilé àwọn aṣòfin àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí ààlà tí òfin ọdún 2004 pa dúró níbi tí ó wà, kí àpótí onírin wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ìbọn tí ó bá sì wọ ilé ìjọba jẹ́ ti ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́ ní ọjọ́ náà nìkan.